Ìkọ́ Aago Bàbá

Ẹ̀rín ọmọbìnrin tíṣà kan ni atúnaagoṣe kọ́kọ́ rí. Òjò ti pa ọmọbìnrin náà rin gbingbin, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín wọlé, ó di nǹkan mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó ṣí ọwọ́, aago góòlù olówó ńlá ló wà níbẹ̀.

"Ti bàbá mi ni. Ìkọ́ ṣéènì rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi o!"

"Aago ẹni tó rẹwà báyìí? Ta ló máa bà á jẹ́?"

"Ẹlẹ́nu dídùn! Iṣẹ́ ni mo gbé wá o."

Pínnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìkọ́ náà, ló ti jẹ tán. Atúnaagoṣe fi tuntun sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún káń. Àfi bí ìfẹ́ ṣe gbé àwọn méjèèjì o! Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹnu tíṣà ti mọ́ "olówó orí mi", tọkùnrin náà ti mọ́ "adúmáadán".

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà wá tọrọ tíṣà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bàbá na ọwọ́ láti kí i, ni aago bá yọ bọ́ sílẹ̀, gbàgà!

"Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí?" ni bàbá wí. "Ìkọ́ lásán ò gbọ́ tìẹ, ọmọ mi lo wá fẹ́ dì mú?"

Ọkàn tíṣà rẹ̀wẹ̀sì. Atúnaagoṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú aago náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkọ́ yẹn ṣì wà ní pípadé digbí. Ọwọ́ bàbá ló ti rù hangogo lábẹ́ apá ẹ̀wù gígùn.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ, ì bá jàre. Ṣùgbọ́n àṣírí àgbàlagbà ni, kì í ṣe tirẹ̀ láti tú. Ó gbé e mì.

"Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe mi ni."

Àwọn tó ṣe aago náà lu ihò wẹ́wẹ́ sínú ìkọ́, kí ṣéènì lè fún tàbí kó dẹ̀ láìgé e. Atúnaagoṣe yọ abẹ́rẹ́ lápò, ó sún pínnì sí ihò tó kẹ́yìn, ó sì rọra dè é mọ́ bàbá lọ́wọ́. Bàbá ju ọwọ́ títí, aago ò mira.

Omi lé ròrò sójú bàbá, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọkọ rẹ ò jẹ̀bi. Ara mi ni ò yá, tí mo ń fi pa mọ́ fún ẹ. Ó rí i, ó sì gba ẹ̀bi kó lè bò mí láṣìírí."

Tíṣà bú sẹ́kún, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá nu ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọmọ lé ọwọ́ atúnaagoṣe.

"Dì í mú dáadáa. Tó bá bọ́ pẹ́nrẹ́n, èmi àtìẹ ni o!"

"Kò ní bọ́ láéláé, bàbá mi."