Àjà Tí Averil Kò Gùn

Inú ihò èéfín ni Averil Tranter wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Ambrose Garnon. Ó gun àga kan nínú ààrò gbọ̀ngàn, orí àti èjìká rẹ̀ ti wọ inú òkùnkùn lọ, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn síta.

"Ṣé olè ni yín ni, àbí ẹ há síbẹ̀?"

"Olè wo ló ń gba ihò èéfín wọlé lọ́sàn-án gangan?" ni Averil fi dá a lóhùn.

Nígbà tó máa fi sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti dúdú kirikiri, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Ọkùnrin gíga kan ló dúró níbẹ̀ nínú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó fi ọmọ àgùntàn kan há abíyá. Ó wo Averil, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọmọ àgùntàn náà sílẹ̀ kó má baà já bọ́. Averil fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbé òun náà.

Ọdún 1956 ni. Iṣẹ́ Averil ni láti máa gun kẹ̀kẹ́ káàkiri abúlé, kó máa wo àwọn ilé àtijọ́, kó sì kọ bí ọjọ́ orí wọn ṣe pọ̀ tó sílẹ̀ fún ìjọba. Ilé tó bá kọ pé ó dàgbà dáadáa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Èyí tí kò bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, olówó rẹ̀ lè ṣe é bó ṣe wù ú.

Inú ilé yìí, Ilé Yarlow, ni wọ́n bí Ambrose sí, ó sì ń búra pé ilé náà ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún. Bàbá rẹ̀, Hubert, ní irọ́ ni, kò tíì tó irinwó. Hubert fẹ́ ta ilé náà fún àwọn tó ń wa òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á wó o, wọ́n á sì gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Àárín bàbá àti ọmọ ni Averil gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá. Lójoojúmọ́ ni Ambrose ń gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì wá fún un, tó sì ń bá a di etí téèpù tó fi ń wọn ògiri mú.

"O ò mú un dúró jẹ́ẹ́," ni Averil sọ. "Ṣé ọwọ́ rẹ ló ń gbọ̀n?"

"Ìwọ lo wò mí. Yéé wò mí, á dúró."

"Ta ló wò ẹ́? Ògiri ni mò ń wò."

"Ògiri yẹn ti ríre o. Mo fẹ́ kí n jẹ́ ògiri."

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti ń fẹnu kora wọn lẹ́nu lẹ́yìn ilé àgùntàn. Averil ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti rò pé iṣẹ́ nìkan lòun máa fi ayé òun ṣe.

Ohun kan péré ló kù fún un láti wò. Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé tó ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún, kò sí ihò èéfín. Àárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á máa gòkè lọ bá igi òrùlé, á sì kùn wọ́n dúdú. Àwọn tó wá jogún ilé lẹ́yìn ló mọ ihò èéfín, tí wọ́n sì kan àjà bo òkè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ọjọ́ orí ilé gbọ́dọ̀ gun àjà lọ wo igi òrùlé bóyá ó dúdú. Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn àjà wà nínú yàrá òkè kan. Hubert ti kàn án pa.

"Yàrá tí ìyàwó mi kú sí nìyí," ni bàbá náà sọ. "Òtútù ilé yìí ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Mo ti gun àjà náà rí, ọmọ mi. Igi mímọ́ tónítóní ni, èéfín kankan ò kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àwọn ìṣó yẹn."

"Iṣẹ́ mi ni, sà. Mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí i."

Ambrose fà á lọ sí kọ̀rọ̀. "Averil, mo bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ fún un pé ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Tó o bá ja ilẹ̀kùn yẹn, kò ní gbà láé. Bàbá mi kì í parọ́."

Averil wo ilẹ̀kùn náà, ó wo Ambrose. Ìfẹ́ bo ọgbọ́n mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: *Nǹkan bí ọdún 1600. Kò sí àmì èéfín lára igi òrùlé.* Ó kọ ọ́ bí ẹni tó rí i, ó sì fọwọ́ sí i.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé náà. Averil àti Ambrose dúró sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣí òrùlé, tí oòrùn wọlé, igi òrùlé yọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Averil sáré wọ àárín àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ dúró! Ẹ má wó o mọ́!"

Ọ̀gá wọn yọ ìwé kan lápò. "Ṣé ìbuwọ́lùwé yín kọ́ nìyí ni, mádàámú?"

Tirẹ̀ ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sí ilé mọ́.

Hubert jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ambrose lọ bá a. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fi igi dúdú náà hàn mí. Inú rẹ̀ dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbà ká kó kúrò, òtútù yẹn sì pa á. Mi ò kábàámọ̀."

Stallard, ọ̀gá Averil, ní kó panu mọ́, nítorí ilé ti lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Averil kò gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ilé àtijọ́ pé ilé ẹgbẹ̀ta ọdún ni, pé òun kò gun àjà, òun sì parọ́ pé òun rí i. Kò dárúkọ Hubert, kò sọ pé ẹnikẹ́ni bẹ òun. Kí Kérésìmesì tó dé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n wó ilé náà, Ambrose kò yọjú fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tó ka ìwé náà ló wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì wá kan ilẹ̀kùn yàrá tí Averil háyà.

"O ò kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀."

"Bàbá rẹ kọ́ ló fọwọ́ sí i."

"O ò kọ tèmi náà."

"Ìwọ náà kọ́."

Ambrose wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. "Averil, jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó."

Averil rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkan. "Orí rẹ pé? Àràárọ̀ tó o bá jí, ẹni tó wó ilé ìyá rẹ lo máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ẹni tó ní kó o má wò ó ni ìwọ náà máa rí."

"Á máa dùn wá, Ambrose."

"Á máa dùn wá. Ta ni kí n tún bá sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

 Averil gbé omi tíì kaná.

Oṣù Kejì ni wọ́n lọ ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Hubert kò wá. Akọ̀wé béèrè ibi tí ọkọ ń gbé. Kí Ambrose tó rántí ara rẹ̀, ó ti ní, "Ilé Yarlow." Akọ̀wé sì ti kọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé e," ni Averil sọ. "Kò sí níbẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni kí ẹ kọ."

Akọ̀wé fagi lé orúkọ náà. Ambrose tẹ orí ba, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wá ọwọ́ Averil rí lábẹ́ tábìlì.