Ẹ̀wù Funfun Tí Télọ̀ Kò Wọ̀n

Kò sí oníbàárà tó lè fẹnu lásán gbé iṣẹ́ fún Baba Wọ̀nọ́nwò. Bí o bá ní ara rẹ kò yí padà láti ọdún tó kọjá, yóò rẹ́rìn-ín, yóò fa teèpù yọ lọ́rùn. "Ẹnu ló sọ bẹ́ẹ̀," ni yóò wí. "Jẹ́ kí ara náà sọ tiẹ̀."

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá ọmọ rẹ̀ obìnrin máa jáde, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ bíi ti ojoojúmọ́. Ẹ̀wù funfun gígùn kan, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ń wọ̀, wà lára ògiri. Ó ti rán an sílẹ̀ de ọmọ náà, kó lè yà á lẹ́nu. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń kí i ní "Baba Dókítà!" Ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Adákẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, torí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé èsì dé. Ó gbégbá orókè nínú ìtàn àti jọ́gíráfì. Ní ti ìṣirò àti kẹ́mísírì, ó kàn rá pálá yege ni.

Wọ́n lọ sí síísì fọ́ọ̀mù, níbi tí ọmọ ti ń lo ọdún méjì kó tó wọ yunifásítì. Tíṣà tó ń gbà wọ́n wọlé wo èsì náà dáadáa.

"Bàbá, ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣe níbí, ṣùgbọ́n wọ́n jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ọmọ mọ̀, tó sì fẹ́, ni kó mú. Iṣẹ́ gidi wà níwájú ẹni tó bá mọ jọ́gíráfì."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Tíṣà. Dókítà lọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ká bi òun fúnra rẹ̀."

Adákẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó wolẹ̀. "Ohun tí Bàbá mi bá sọ náà ni, mà." Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí kẹ́mísírì àti àwọn ẹ̀kọ́ dókítà yòókù nìyẹn.

Oṣù kìíní kò tíì parí tó fi wá bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàá mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní a ṣì lè pààrọ̀ ẹ̀kọ́ kí oṣù yìí tó parí, tí òbí bá ti wá. Mò ń gbìyànjú, àmọ́ kò yé mi rárá."

"Kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀. Lọ kàwé ẹ."

Ìyá rẹ̀ dá sí i. "Baálé mi, ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ yìí."

"Ṣé kí n wá máa sọ fún gbogbo àdúgbò pé mi ò kì í ṣe Baba Dókítà mọ́?"

Oṣù parí, àyè tì. Adákẹ́ kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ń jí, ó ń gbé ẹ̀wù funfun náà wọ̀, ó ń lọ. Oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù, oorun sì jìnnà sí i. Nígbà tí ọdún parí, kò yege, ilé-ìwé sì ní kò lè wọ ọdún kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nílé ìwòsàn, dókítà bi bàbá rẹ̀ pé, "Ìbànújẹ́ ti di àìsàn sí ọmọ yìí lára. Ìgbà wo lẹ ti rí i pé ó ń rù?"

Ẹni tó ń fi wíwọn ara ènìyàn jẹun ni wọ́n bi ní ìbéèrè yìí. Ojú tì í débi tí kò lè wo ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó gbé ẹ̀wù funfun náà lé ọmọ léjìká. Èjìká ẹ̀wù náà fẹ̀ ju ti ọmọ lọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn bo ìka rẹ̀. Rírù nìkan kọ́ ló fa èyí.

"Ṣé bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ pé kò bá ẹ mu?"

"Mo sọ, Bàá mi."

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìtọ́jú Adákẹ́ kò tíì parí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò padà síwájú bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin òbí tí èsì ọmọ yín ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ kí tíṣà àti ẹ̀yin tó sọ tiyín. Bó bá ní kò yé òun, ẹ tètè lọ rí àwọn tíṣà kí àyè tó tì. Bí oúnjẹ àti oorun bá sì ń sá fún un, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gbé e lọ fún ìtọ́jú nígbà tó ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀.