Awò Ojú fún Àrìnkẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí Àrìnkẹ́ rí lára ọkùnrin náà ni ìka mẹ́wàá tí eruku ike pupa bò, nítorí ìka nìkan ló súnmọ́ ọn tó láti rí. Níbi ìwọ́de ni bàtà sójà ti fọ́ awò ojú Àrìnkẹ́ túútúú. Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ti ti ilé ìwé pa, èéfín tajútajú sì ni ìjọba fi ń dá aráàlú lóhùn.

Cyprien, ọmọ Pọ́bẹ̀, ń gé férémù awò ojú láti ara jẹ́ríkánì tí wọ́n sọ nù ní àdúgbò Gbossimé. Ó na òwú láti ojú kan Àrìnkẹ́ dé èkejì.

"Màdámù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń gbéra."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín nílùú yìí?"

"Ẹ̀yin."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti wọn ojú kan ṣoṣo."

"Òwú ni kò gbọ́ràn."

Awò náà dára. Síbẹ̀, Àrìnkẹ́ ń padà wá. Lónìí, apá òsì awò náà fún mọ́ ọn létí. Lọ́la, apá ọ̀tún tú. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, bàbá rẹ̀ pàápàá kò gbà.

"Ẹni tó ń ṣa nǹkan lórí àkìtàn," ni Ògúndìran, bàbá rẹ̀, máa ń wí nípa Cyprien.

Ní ìparí oṣù kìíní, ìbọn dún nígboro. Ògúndìran, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté, háyà ọkọ̀ tí yóò kó ìdílé rẹ̀ sá kọjá ààlà lọ sí Cotonou. Bí wọ́n ti ń dẹrù ní òwúrọ̀, Cyprien dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo wá tọrọ Àrìnkẹ́."

Ògúndìran kò dẹ́kun okùn síso. "Ta ló bá ọ wá? Ṣé ọkùnrin ń fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó ni?"

"Pọ́bẹ̀ làwọn èèyàn mi wà, bàbá. Wọn kò lè dé kí ẹ tó lọ."

"Nígbà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan."

Inú bí Àrìnkẹ́. Ìlú ń jóná, bàbá ń wá alágbàsọ. Ó la ẹnu. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dákẹ́. Ìyàwó kì í bá wọn dá sí i."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ láàrin ẹrù inú ọkọ̀, ó tún ìró ró, ó kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cyprien.

"Ìyá Àrìnkẹ́, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyá ọkọ ni mí báyìí. Ìdílé wa rí òdòdó nínú ọgbà yín, alàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká já a."

Awakọ̀ fọn fèrè. Ògúndìran wo aya rẹ̀ tó kúnlẹ̀ bí àjèjì, ó wo ọ̀nà, ó tún wo aya rẹ̀.

"Ẹ dìde, àna wa," ló wí níkẹyìn. Ó tú okùn, ó sún àpótí kan sẹ́yìn, àyè ẹnìkan sì ṣí sílẹ̀.

"Sáré lọ kó irinṣẹ́ rẹ wá," ni Àrìnkẹ́ wí fún Cyprien, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, "olówó orí mi."

Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.