Ìpè Kẹta Tí A Kò Pe Ọba

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo lálàá. N kò lálàá. Ọ̀sán gangan ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò mu wáìnì, ara mi kò sì gbóná. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí. Ẹni tó bá rẹ̀ tó báyìí kì í lágbára irọ́.

Sisinios ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé láàfin Konstantinópù, lábẹ́ ọba kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ó lè dáhùn.

Ọba náà kò burú. Ó gba oko àwọn tálákà padà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá tó fi agbára gbà á. Kò fẹ́ràn ogun. Bí ẹni méjì bá gbé ẹjọ́ wá, á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ìwé ni ayé rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń ṣe ìjọba lórúkọ rẹ̀. Wọ́n dé e ládé, wọ́n gbé e jókòó sí igun kan, wọn ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó bá ń kàwé. Nígbà tí ìjọba wá bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, kò lè fi ìwé sílẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kọ gbogbo ètò ààfin sílẹ̀ kó má baà parun: bí a ṣe ń gba ikọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, aṣọ wo là ń wọ̀ lọ́jọ́ wo, ta ló yẹ kó dúró lápá ọ̀tún.

Òun á máa sọ, èmi á máa kọ. Bí orí kan bá parí, èmi á kà á sókè sí i létí. Ibi tí kò bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi ìka lu apá àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́. Èmi á mú ọ̀bẹ kékeré, mà á fá ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí awọ tí à ń kọ̀wé sí, a ó sì tún un kọ.

Ìyàwó mi, Anthousa, wà ní Nikea lẹ́bàá adágún. Ọdún méje ni n kò fi fojú kàn án. Ó ní kí àlùfáà bá òun kọ lẹ́tà sí mi pé ojú òun ń ṣókùnkùn, pé òun fẹ́ rí mi kí ó tó di pé òun ò ríran mọ́. Mo mú lẹ́tà náà tọ Kábíyèsí lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Sisinios, orí kan ṣoṣo ló kù. Èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń sìnkú ọba. Tá a bá ti parí ẹ̀, máa lọ sílé. Mi ò ní dá ẹ dúró lọ́jọ́ kan."

"Kábíyèsí, ẹ ṣeun. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ lónìí?"

"Háà! Bó o ṣe ń kánjú sin mí nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nílẹ̀ wa, bí ọba bá wàjà, wọ́n á tẹ́ òkú rẹ̀ sí gbọ̀ngàn, olórí ètò ààfin á sì dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á pè é lẹ́ẹ̀mẹta: "Jáde, ọba. Ọba àwọn ọba ń pè ọ́." Lẹ́yìn ìpè kẹta ni wọ́n á gbé e lọ sí ibojì. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ní Konstantinópù. Kábíyèsí sọ ìpè kìíní, mo kọ ọ́. Ó sọ ìkejì, mo kọ ọ́. Ó wá dákẹ́.

"Ìkẹta ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Ó di ọ̀la."

Oṣù mẹ́rin ni ọ̀la yẹn gbà. Ní àràárọ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀ orí náà láti òkè. A tún ibi tí àwọn tó ń gbé òkú máa dúró sí ṣe. A tún ti àbẹ́là ṣe. Bí a bá ti dé ìpè kẹta, á fi ọwọ́ bo ojú. "Ó rẹ̀ mí, Sisinios. Ó di ọ̀la." Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹyọ ìlà kan péré ni. Ṣùgbọ́n a kì í kọ ohun tí ọba kò sọ sínú ìwé ọba. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Lẹ́tà Anthousa mìíràn dé: ó ní fèrèsé nìkan ló kù tí òun ń rí, torí pé ó mọ́lẹ̀. Inú bí mi sí Kábíyèsí. Mo gbàdúrà kí ọ̀rọ̀ náà tán lọ́nà yòówù kó gbà. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Ikọ́ ló pa á, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀.

Olórí ètò ààfin nígbà náà ni Theoktistos, àgbàlagbà kan tí kì í gbé omi mì bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó gbé e mì. Ó ní ìwé tí Kábíyèsí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni a ó fi sin Kábíyèsí, kò ní fi nǹkan kan kún un, kò sì ní yọ nǹkan kan kúrò. Èmi ni mo gbé ìwé náà sí i lójú.

Ó pe ìpè kìíní. Ó pe ìkejì. Ó ṣí ojú ewé. Òfìfo ni.

Ó wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀ yẹn. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan." Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tí mo fẹ́ bá lọ ń ṣí lọ́sàn-án yẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á pe ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ á bi mí ìdí tí n kò fi kọ ọ́, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ kejì. Mo wo ilẹ̀. Theoktistos pa ìwé dé, ó gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn mẹ́jọ tó fẹ́ gbé òkú náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e, kò gbé. Wọ́n tún gbé e.

Ọ̀kan sọ pé, "Ó wúwo o."

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Panu mọ́, jàre. Gbé e."

Wọ́n gbé e lọ.

Mo sáré lọ sí yàrá ìkọ̀wé láti mú àpò mi. Oòrùn wọ inú yàrá náà dáadáa. Àga Kábíyèsí kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé bó ṣe máa ń wà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo mú àpò.

Ẹnì kan húkọ́. Ikọ́ gbígbẹ, lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ikọ́ yẹn ju ohùn bàbá mi lọ. Mo yíjú. Tìmùtìmù orí àga náà tẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e.

Kọ́.

N kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Theoktistos. Ó ń jẹ búrẹ́dì àti ólífì.

Ó ní, "Kí ló ṣe ẹ́? Ojú ẹ rí bíi ti ẹja tó ti kú ní ìjẹta."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pè é."

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Ta ló kọ ìwé nínú àwa méjèèjì?" Ó tu kóró ólífì sí àtẹ́lẹwọ́. "Mo wò ẹ́ lójú, Sisinios. O wolẹ̀. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ ní yàrá. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ kọ ìpè kẹta náà sí ibi tó yẹ kó wà. Lọ́la òun yóò lọ kà á níwájú ibojì, ohun tó kù á sì di tán. Bí mo ṣe pàdánù ọkọ̀ ojú omi nìyẹn.

Mo kọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ, mo jáde lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fá a. Ìyẹ̀fun awọ wà lórí tábìlì. Ọ̀bẹ mi wà lápá òsì, èmi kì í sì í fi ọ̀bẹ sápá òsì láé.

Mo tún un kọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún fá a. Lọ́jọ́ kẹta, Theoktistos wá fúnra rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, àwa méjèèjì sì ń wo ìlà kan ṣoṣo bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. A wò ó títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Kò sí nǹkan kan.

Theoktistos ní, "Ṣé o rí i? Àárẹ̀ ló ń ṣe ẹ́."

Mo wò ó lójú láti dá a lóhùn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. A gbọ́ ìró ọ̀bẹ lórí awọ, díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́. Nígbà tí a padà wo ìwé, ìlà ti lọ.

Bàbá náà fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

Ó ní, "Máa lọ sílé, Sisinios."

"Ìwé ńkọ́?"

"Ìwé ti parí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ, ta ló máa lé e?"

Ó jáde. Ó ku èmi àti àga. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, ìyàwó mi sì ń dúró. Mò ń lọ." Mo tẹ́tí. N kò gbọ́ ikọ́, n kò gbọ́ ìka. Mo rò pé ó ti yọ̀ǹda mi. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Àwa méjì péré ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ kékeré tó gbé mi sọdá omi, èmi àti ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ náà ń wo omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọkọ̀.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ dì sínú àpò yẹn? Ṣé irin ni?"

"Búrẹ́dì ni. Àti ẹ̀wù méjì."

"Ẹ̀wù yín wúwo o."

Mo dé Nikea lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Anthousa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun. Mo ti pẹ́ jù. Ó na ọwọ́, ó fi kan iwájú orí mi, imú mi, irùngbọ̀n mi.

Ó ní, "Ẹ ti rù, ọkọ mi. Wọn ò fún yín lóúnjẹ láàfin ni?"

Mo dì mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ mi, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ò sì sọ fún mi pé ẹ̀ ń mú àlejò bọ̀."

"Àlejò wo?"

"Ẹ̀yin náà! Bàbá tó ń húkọ́ yìí ńkọ́? Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín."

Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀ nínú ilé.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Kò pa wá lára rí. Ibi fèrèsé ló ń jókòó sí. Theoktistos kú kí ọdún yẹn tó parí, kò sì sí ẹlòmíràn tó láṣẹ àtipe ọba tó máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Èmi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n mi kò kọjá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí Anthousa bá ń bó àlùbọ́sà, á máa bá a sọ̀rọ̀. Ohùn tirẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Á dákẹ́, á ní, "Ṣé lóòótọ́?" á tún bú sẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe di pé ìyàwó mi, tí kò mọ̀wé rí, mọ irú aṣọ tí ọba ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde nìyẹn. Mo jowú. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Torí kí n lè wà pẹ̀lú rẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì ní ọ̀sán kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi àti tirẹ̀ nìkan.

Anthousa kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibà ni. Mo dúró ti àlùfáà, mo sì rí i dájú pé kò fo àdúrà kan, kò fo orin kan. Nígbà tó fẹ́ yára, mo ní kó tún un kà. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè, ó sì tún un kà. A sin ín bó ṣe yẹ ká sin èèyàn.

Mo padà sílé lọ́sàn-án. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn méjì nínú ilé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ń húkọ́. Obìnrin ni èkejì, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n dákẹ́ lójijì, bí àwọn èèyàn ṣe ń dákẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn bá já lù wọ́n.

Mo ní, "Anthousa, èmi ni."

Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo fà sẹ́yìn. Orí òkúta ẹnu ọ̀nà, níta, ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Mò ń dúró kí ọ̀kan nínú wọn ní kí n wọlé.