Ohùn Ìyá Morọ́láyọ̀

"Mummy, ẹ wá gbọ́ nǹkan," ni Morọ́láyọ̀ wí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, nílé wọn ní Temple Hills, ní Amẹ́ríkà.

Oyèníkẹ́, ìyá rẹ̀, ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe. Wálé ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Texas, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá kó tó padà wálé. Nítorí náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni ìyá àtọmọ máa ń rójú jẹun pọ̀. Kò gbójú sókè, àfi ìgbà tó gbọ́ ohùn Morọ́láyọ̀ tó ń kí i láti inú fóònù, tí Morọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀ sì pa ẹnu dé níwájú rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Fóònù ni. Wọ́n ṣe update lánàá. Èèyàn á ka gbólóhùn mẹ́wàá sí i, á sì mọ ohùn onítọ̀hún. Ohunkóhun téèyàn bá tẹ̀ sínú ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ẹni ló máa fi sọ ọ́."

Oyèníkẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní kí Morọ́láyọ̀ tẹ nǹkan mìíràn. Ó tẹ̀ ẹ́, fóònù sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ẹnu ìyá là sílẹ̀, kò rí i pa dé.

"Wọ́n ní ikú nìkan ni òyìnbó ò rí ojútùú ẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo gbà lónìí. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí àìsàn gba ohùn lọ́fun ẹ̀. Ojú ni ìyàwó ẹ̀ fi ń mọ ohun tó fẹ́. Ká ní wọ́n ti rí nǹkan yìí kó tó di pé ohùn ẹ̀ lọ." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe tiyín."

Ká sòótọ́, kò sí ẹ̀tàn kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Oyèníkẹ́ jókòó, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka gbólóhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ní kó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí fóònù fi ohùn tirẹ̀ kí i pé ó kú ọ̀sán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yọ awò ojú rẹ̀ wo ọmọ náà.

"Ohùn mi nìyẹn o, Morọ́láyọ̀. Má fi ṣeré."

"Rárá mà. Mi ò jẹ́ fi ṣeré."

Kẹ́mísírì ló yẹ kí Morọ́láyọ̀ fi òpin ọ̀sẹ̀ yẹn kà, nítorí ìdánwò ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé ò ṣí. Fóònù ló ń ṣí tó ń pa dé. Ó pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀, ó yí bí aago rẹ̀ ṣe rí padà, ó ń wá gbogbo kọ̀rọ̀ tí ohun tuntun lè fara pamọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi ṣú, ó mọ fóònù rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò sì mọ ohun tó wà ní orí kẹta ìwé kẹ́mísírì.

Lọ́jọ́ Ajé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ju update náà lọ nínú yàrá ìjẹun ilé ìwé wọn. Àwọn kan ní ojú fóònù ti wá ń dán bíi gíláàsì, ó sì wù wọ́n. Joel, tó jẹ́ pé ẹjọ́ rírò ni iṣẹ́ tirẹ̀, ní òun ò rí lẹ́tà kà mọ́, bátìrì òun kì í sì í dé ọ̀sán kó tó kú. Morọ́láyọ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ohùn Oyèníkẹ́ jáde, ó ń bi Ameenah léèrè bóyá ó ti jẹun.

Ọ̀rẹ́ Morọ́láyọ̀ ni Ameenah, ó sì ti jẹun nílé wọn tó ìgbà tí kò níye. Orúnkún rẹ̀ ti kọ́kọ́ tẹ̀ láti kí màmá kó tó rántí pé kò sí àgbàlagbà kankan nítòsí. Joel tó ń ṣàròyé bátìrì na ọrùn wá wo fóònù náà.

"Ara mi bù máṣọ," ni Ameenah wí. "Màmá ẹ gan-an ni." Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ní irú ohùn yìí lọ́wọ́, ṣé ó tún yẹ kó wá ṣe ìdánwò ọ̀la? Ṣebí màmá ẹ á kàn pe ọ́fíìsì pé ara ẹ ò yá."

Eré ni Ameenah ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá Morọ́láyọ̀ délé, ó bá a jẹun alẹ́, ó sì bá a sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Oyèníkẹ́ wọlé láti ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ òru."

"O ṣé, ọmọ mi. Ṣé o ti kàwé fún ìdánwò ẹ?"

"Mo ti kà á mà."

Irọ́ kékeré nìyẹn, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún irọ́ ńlá tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá pa ìró fóònù tirẹ̀, ó ki òwú sétí, ó wọ yàrá lọ sùn. Ọmọ gbé báàgì kọ́ èjìká bí ẹni ń lọ wọ bọ́ọ̀sì, ó sì yà sí ọgbà àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó pe ọ́fíìsì ilé ìwé.

Obìnrin tó ń gbé ìpè níbẹ̀ ni gbogbo ọmọ Yorùbá ilé ìwé náà ń pè ní Àǹtí Èyíwùnmí. Ọmọ Ìbàdàn ni, òun àti Oyèníkẹ́ sì mọra. Ohùn inú fóònù bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Ó ní òun ni ìyá Morọ́láyọ̀, ara ọmọ òun ò yá, kò ní lè wá lónìí.

"Háà, Màmá Morọ́láyọ̀, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ òru. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti rí oorun sùn?"

Morọ́láyọ̀ yára tẹ èsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn náà tó jáde. "Yes. Thank you."

"Bàbá Morọ́láyọ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dé láti Texas?"

Ó tún pẹ́. "He is fine."

"Orúnkún mi tẹ́ ẹ ní kí n máa fi omi gbígbóná jó, ó ti ń dẹ̀ o. Ẹ ṣé gan-an."

Morọ́láyọ̀ ò gbọ́ nǹkan kan nípa orúnkún rí. "Okay. Have a good day," ni ohùn ìyá rẹ̀ wí.

Ohùn Àǹtí Èyíwùnmí lọ sílẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ tó gun orí igi sọ̀rọ̀. "Màmá Morọ́láyọ̀, ṣé orí ìjókòó lẹ wà? Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ má dìde o." Ó sì pa fóònù.

Morọ́láyọ̀ mí kanlẹ̀. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ẹnu sì yà á gidigidi pé nǹkan tó kéré tó báyìí lè di ìyá èèyàn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó ra ohun mímu tútù. Áńbúláǹsì kan kọjá lójú títì, ó ń ké. Kò kà á sí.

Ohun tí ọmọ náà ò rò rèé. Nínú àwa Yorùbá, ìyá méjì kì í pàdé lórí fóònù láàárọ̀ kí ọ̀kan kí èkejì tán, kí èkejì sì dá a lóhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tá a bá kí máa ń kí wa padà, á sì béèrè ilé, ọ̀nà àti àìlera ara wa. Àǹtí Èyíwùnmí kí Oyèníkẹ́ nígbà mẹ́ta, èsì ń falẹ̀, ìkíni kan ò jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe dá a lóhùn láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, nígbà tó sì fi di ọ̀sán ọjọ́ náà, apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n náà ti rọ. Àǹtí Èyíwùnmí rò pé irú rẹ̀ ló dé bá Oyèníkẹ́. Ó pe nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe àwọn panápaná àti áńbúláǹsì, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó sì ń tiro lọ síta.

Ìgbà tí ọkọ̀ panápaná tún kọjá, tó sì yà sí àdúgbò wọn, ni àyà Morọ́láyọ̀ já. Ó sá tẹ̀ lé e.

Wọ́n ti já ilẹ̀kùn wọn. Oyèníkẹ́ dúró sórí koríko níwájú ilé pẹ̀lú aṣọ oorun àti gèlè ìsùn, láìwọ bàtà, àwọn aládùúgbò ń wò ó. Ọkùnrin kan ń wọn ìfúnpá rẹ̀, òun sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Àǹtí Èyíwùnmí sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ń sunkún.

"Mo kí yín, ẹ ò kí mi padà," ló ń wí. "Mo ní ikú ti dé nìyẹn."

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ kí mi? Oorun ni mò ń sùn."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n sì rí Morọ́láyọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, báàgì ìwé lẹ́yìn rẹ̀, ohun mímu tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Morọ́láyọ̀ ò tilẹ̀ lo wákàtí kan. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Oyèníkẹ́ ò na ọmọ, kò sì pariwo. "Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́," ló wí.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

"Tẹ ohun tó o ní kí n sọ."

Morọ́láyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohùn Oyèníkẹ́ sì sọ níwájú Oyèníkẹ́ pé ara ọmọ òun ò yá. Ó dùn, ó balẹ̀, kò yàtọ̀ níbì kan. Ẹ̀rù ba gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

"Èmi nìyẹn," ni Oyèníkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Èmi gan-an ni. Mo wá gbọ́ irọ́ lẹ́nu ara mi, tí mi ò mọ̀gbà tí mo pa á."

Òdo ni Morọ́láyọ̀ gbà nínú ìdánwò náà. Wọ́n tún ní kó wá ṣiṣẹ́ nílé ìwé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì. Ìwé kan sì wá láti ilé ìwé pé àwọn ò ní gba ọ̀rọ̀ kankan lórúkọ Oyèníkẹ́ lórí fóònù mọ́. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Morọ́láyọ̀ rò pé èyí ló fúyẹ́ jù nínú ìyà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún nílé ìwé, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó ká jọ sórí àga, Àǹtí Èyíwùnmí sì pe Oyèníkẹ́. Ìyá béèrè orúnkún, ó béèrè ilé, kó tó béèrè ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni lẹ́yìn òru méjì lẹ́nu iṣẹ́, ojú òun ò là dáadáa láti wa mọ́tò, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí ìyá Ameenah wá mú ọmọ náà.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà mi orí. Ó ní báwo ni àwọn ṣe máa mọ̀ pé Oyèníkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Òun ni," ni Àǹtí Èyíwùnmí wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Mo mọ̀ ọ́n." Ọ̀gá ní òfin ni òfin.

Oyèníkẹ́ dé lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, aṣọ iṣẹ́ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi káàdì rẹ̀ sórí káńtà. Ọ̀gá wo àwòrán inú káàdì, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo àwòrán. Obìnrin yìí, bó bá sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, àwọn dókítà ń tẹ́tí sí i ni. Níbí, ó dúró bí ẹni tí wọ́n ń fura sí, ó ń dúró kí wọ́n gbà pé òun ni òun. Morọ́láyọ̀ ń wò ó. Inú rírun náà ò dùn ún tó ohun tí ojú rẹ̀ rí yẹn.

"Mummy, ẹ má bínú," ló wí nígbà tí wọ́n dé ìdí mọ́tò.

"Inú ò bí mi mọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa tó gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ padà?"

Oyèníkẹ́ ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un. "Ìgbà tí wọ́n bá gba tìẹ gbọ́," ló dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù jẹ́ ohun ìyanu, ẹ jẹ́ kó máa yà yín lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi gba ohùn Oyèníkẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí gbogbo ọdún tí obìnrin náà ti ń sọ òótọ́ ni àwọn èèyàn ṣe ń gba ohùn náà gbọ́, ọmọ tó bí sì ná an tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí òbí yín bá fi sí ìkáwọ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, pàápàá jù lọ orúkọ rere wọn, nítorí kò sí àtúnṣe fóònù kankan tó lè dá a padà.