Abẹ́ Ẹ̀jẹ̀ ni Aró Wà

Ọjọ́ tí wọ́n bá oníbodè nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀, ogun ku ọ̀nà ọjọ́ díẹ̀ kó wọ̀lú. Àwọn oníṣòwò tó ti di ẹrù tú u kalẹ̀, torí kò sẹ́ni tí yóò ṣíbodè fún wọn mọ́, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sì gba ìgboro kan.

Aláró ni wọ́n mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn lára ilẹ̀kùn òkú, ìka márààrún, ó dúdú bíi kóró iṣin.

“Mo gbé aṣọ wá fún un lọ́sàn-án ni o!” ló ń ké.

“Kí la tún ń wá?” ni olórí ẹ̀ṣọ́ wí. “Ẹ bẹ́ ẹ lórí.”

Ọba ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe alágbẹ̀dẹ àgbà wá, torí ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ ló mọ ojú ọgbẹ́.

“Baálé mi,” ni ìyàwó alágbẹ̀dẹ wí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń jáde, “ohun tójú bá rí, kí ẹnu ṣọ́ra o.”

Yàrá oníbodè kéré: ibùsùn kan, àpótí kan. Olórí ẹ̀ṣọ́ dúró ti alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí débi pé èémí rẹ̀ ń fẹ́ sí i létí. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sórí àmì ìka tó wà lára ilẹ̀kùn. Alágbẹ̀dẹ fi èékánná ha á. Ẹ̀jẹ̀ ṣí, aró ti gbẹ pa mọ́ igi lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ aláró ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó ta.

Ó kúnlẹ̀ ti òkú, ó fi ìka tọ ọgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Nǹkan gún un níka. Ó fà á yọ: ṣóńṣó ọ̀bẹ tó kán sínú eegun, irin dúdú tó ní ìlà funfun. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló fi irú irin yẹn rọ rí. Ẹni tó rọ ọ́ fún ló ń mí sí i létí yìí.

Ó ṣe bí ẹni nu ẹnu, ó ki irin náà sábẹ́ ahọ́n.

“Bàbá, kí lẹ rí?” Ohùn olórí ẹ̀ṣọ́ rọ̀ bí òwú.

Alágbẹ̀dẹ mirí, ó fọwọ́ kan ojú bí ẹni tí kò ríran mọ́. Wọ́n jọ rìn lọ sáàfin ni, èjìká kan èjìká, ẹ̀jẹ̀ sì ń rin ahọ́n rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó tu irin náà sílẹ̀ níwájú ọba.

“Kí adé pẹ́ lórí. Aró ló wà lábẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló wà lókè. Kí gbogbo ẹ̀ṣọ́ fa ọ̀bẹ yọ. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá ní ṣóńṣó, òun ni kẹ́ ẹ bi.”

Ọ̀bẹ ń yọ ṣàràṣàrà. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kò kúrò lára àkọ̀.

Oníbodè ló kọ̀ láti ṣíbodè fún ìdílé olórí ẹ̀ṣọ́ kí wọ́n yọ́ sá, ló fi gún un pa. Wọ́n dè é, wọ́n tú aláró sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ bínú túká, ìlú sì fọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Okùn kan náà ni ọ̀tá fi so alágbẹ̀dẹ àti aláró lọ́rùn.

“Bàbá,” ni aláró wí lójú ọ̀nà, “ká ní ẹ dákẹ́, bóyá ìlú ì bá wà.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Aláró sún mọ́ ọn, ó fi èjìká tirẹ̀ gbé okùn náà, kó má baà fún bàbá lọ́rùn.