A Kò Ní Í Fi Iná Fọ Símínì Yìí Mọ́

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti dáná.

Odile Cyr dúró lẹ́bàá àpótí lẹ́tà létí títì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú afẹ́fẹ́ tútù oṣù kẹwàá: "Ẹni tó bá ti ààrò irin bọ inú ibi ìdáná àtijọ́, kó má dáná sí i títí a ó fi wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni." Verna Haskell, ọ̀gá panápaná ìlú, ló fọwọ́ sí i.

"Bàbá àgbà, wọ́n ní ká má tíì dáná o!"

Onésime, bàbá bàbá rẹ̀, na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ààrò. "Wọ́n ti pẹ́ jù. Ara mi ti móoru. Bàbá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ símínì yìí. Ta ni Verna? Èmi ni mo kọ́ bàbá ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń la igi!"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn méjèèjì àti Rosaire, aládùúgbò wọn, ti ààrò náà bọ inú ihò ìdáná. Wọn kò so páìpù kankan mọ́ ọn. Wọ́n kàn jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa tú èéfín sínú símínì ńlá náà, ihò tó ń gbé èéfín gba òrùlé jáde, bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Tí ọ̀dà èéfín bá wá lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ ńkọ́?" Odile ti béèrè.

"Ká dúró de ọjọ́ yìnyín. Tí òrùlé bá ti funfun, tí iná ò lè ràn án, ká ju ìwé ìròyìn tó ń jó sí i, kí iná gbá a mọ́. Bí a ṣe ń fọ símínì níbí nìyẹn."

Ṣùgbọ́n orí ti ń fọ́ Odile láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Òtútù ló rò pé ó fà á. Nígbà tó ka lẹ́tà náà tán, ó fura sí èéfín ààrò, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì fóònù Verna.

Lọ́jọ́ kejì, tí ààrò ti tutù, wọ́n fà á jáde. Verna ti dígí àti iná tọ́ọ̀ṣì bọ inú ihò náà.

"Bàbá Cyr, ẹ wá wò ó. Amọ̀ inú ẹ̀ ti là láti òkè délẹ̀."

"Kí ló là á?"

"Iná tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ ni."

Ó mú un gòkè lọ sí àjà, níbi tí símínì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìtẹ́lé òrùlé. "Ẹ fọwọ́ kan igi yìí."

Igi náà ti jó di èédú lára; ọwọ́ Onésime dúdú bí ọwọ́ ẹni tó kó èédú.

"Ọdọọdún lẹ ń fọ símínì," ni Verna wí, "ọdọọdún lẹ sì ń sun ilé yín díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ májèlé tí kò lóòórùn ló ń gba ojú ibi tó là wọlé. Òun ló jẹ́ kí orí máa fọ́ Odile. Ẹ ì bá sùn, kẹ́ ẹ má jí mọ́."

Bàbá náà jókòó lórí àpótí. "Ṣé ẹ máa wó símínì bàbá mi ni?"

"Rárá o. Páìpù irin tí kì í dípẹtà la máa sọ̀ sínú ẹ̀, láti ẹnu ààrò títí dé òkè. Àmọ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ti dí títí di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀."

"Òtútù á ti pa mí kó tó dìgbà náà."

"Èmi ni màá ṣe é," ni Odile wí.

Rosaire bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó jẹ́ pé ìwé ìtàn nìkan lò ń kà?"

"Ìwé tó bá ààrò yìí wá, ìwé náà ni. Mo ti kà á tán. Ìwọ ńkọ́, o ti ka ojú ewé kan?"

Verna rẹ́rìn-ín. "Onílé lè ṣe é fúnra ẹ̀ nílùú wa. Àmọ́ bí ìwé ṣe wí ni kó o ṣe é, o ò sì gbọdọ̀ dáná kí n tó dé."

Odile gbá ọ̀dà inú símínì kúrò, ó kún garawa mẹ́ta. Ó fi okùn tó so òkúta mọ́ wọn gígùn rẹ̀. Páìpù tó rà kò tóbi ju ẹnu ààrò lọ, kò sì kéré sí i. Ó fi aṣọ tí iná kì í jó wé e, ó wo àmì ọfà ara páìpù náà kó má baà dorí rẹ̀ kodò. Ó wá so ara rẹ̀ mọ́ òrùlé, ó ń sọ páìpù náà kalẹ̀, Rosaire sì ń fa okùn nísàlẹ̀.

Láàárín méjì, páìpù há.

"Fà á!"

"Mo ń fà á! Ṣé mo ń bá a ṣeré ni?"

Ohùn Onésime bá gba inú símínì jáde sókè: "Ẹ yé fà á, ẹ̀yin òpè! Bàbá mi tẹ símínì síwájú díẹ̀ níbẹ̀ kó má baà kan igi òrùlé. Odile, yí i sápá òsì, kó o tó tì í!"

Ó yí i. Ó tì í. Páìpù náà yọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀, Rosaire sì ké bí ẹni tó rí ẹja ńlá fà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Verna yẹ gbogbo rẹ̀ wò, láti ìdérí òkè dé ìdè ìsàlẹ̀. Ó fún Odile ní ìṣáná. Iná náà ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì gòkè tààrà. Rosaire sáré lọ tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ títí gbogbo àdúgbò fi yọjú. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò tí Verna fún wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ẹni tó mọ símínì.

"Tí wọ́n bá béèrè," ni Onésime wí, "èmi ni mo darí iṣẹ́ náà."

Ojú wá ti Rosaire díẹ̀. "Ọ̀gá Verna, èmi náà ní irú ààrò yìí nílé. Kò ní páìpù."

"Má dáná sí i mọ́ láti òní. Pè wá ká wá wò ó. Fi páìpù tó bá ẹnu ẹ̀ mu sí i, dé òkè pátápátá. Igi tó ti gbẹ fún ọdún kan ni kó o máa fi dáná. Gbé agogo tó ń ké tí afẹ́fẹ́ májèlé bá wọlé sí ẹ̀bá ibi tẹ́ ẹ ń sùn. Kó o sì jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá símínì lọ́dọọdún. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo wí o, kì í ṣe iná."

Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ ní oṣù kọkànlá. Òrùlé funfun báláú. Odile wọlé, ó bá bàbá àgbà tó ń ká ìwé ìròyìn jọ síwájú ààrò, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé.

Ó rọra gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá àgbà, a ò ní í fi iná fọ símínì yìí mọ́. Èmi ni màá máa gòkè lọ gbá a lọ́dọọdún. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ lọ síbì kankan."